Ohun tó ń mú kí gírání tó dí wọ́, àti ìdí tí wọn kì í fi dọ́gba

Ẹ ní gírání tó dí, ìyẹn onígun mẹ́rin tí a fi òwú àti píìnì króṣé (ọ̀pá kékeré ẹlẹ́nu kíkọ́) hun, tí kò ní ihò ńláńlá lára, ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́wọ́ yín, pé àwọn tí ẹ ti hun kò sì dọ́gba. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń fa èkíní, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì.

Ti wíwọ́ rọrùn. Orí dọ́bù, ìyẹn irú ojú òwú gíga tí a fi ń hun ún, kì í jókòó gan-an sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó máa ń yẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ojú kan náà ni iṣẹ́ kọ sí yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ á máa yẹ̀ sí. Nígbà tó bá fi máa di ìyípo karùn-ún, ó ti ń yí bí fáànù. Ẹ máa yí iṣẹ́ padà ní ìparí ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa hun padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ó tán. Kò sí lílọ̀ tàbí fífà tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín.

Ti àìdọ́gba ló nira, torí inú igun ló fara pa mọ́ sí. Dọ́bù tí mò ń wí ni ti Amẹ́ríkà: ẹ kọ́ òwú lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti píìnì bọ ojú, ẹ fa òwú jáde kó di mẹ́ta lórí píìnì, ẹ fà á kọjá méjì, ẹ tún fà á kọjá méjì. Tírébù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ojú kan náà, nítorí náà ẹ wo ibi tí àlàyé tí ẹ ń tẹ̀ lé ti wá.

Ṣéènì ni kí ẹ kọ́ òwú, kí ẹ fà á kọjá ojú tó wà lórí píìnì. Nínú òrùka òwú: ṣéènì 3 (a kà á sí dọ́bù kan), dọ́bù 2, lẹ́yìn náà ṣéènì 2, dọ́bù 3, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má fi ṣéènì 2 parí igun tó kẹ́yìn o. Ṣéènì 1 ni kí ẹ ṣe, kí ẹ wá fi síńgù kan (ẹ ti píìnì bọ ojú, ẹ fa òwú jáde, ẹ fà á kọjá méjèèjì) so ó mọ́ orí ṣéènì 3 àkọ́kọ́. Síńgù yẹn ń dúró fún ṣéènì kejì, àárín igun gan-an ló sì máa gbé píìnì yín sí. Ẹ yí iṣẹ́ padà. Ṣéènì 3 àti dọ́bù 1 nínú igun yẹn, ìdajì igun nìyẹn. Dọ́bù kan lórí ojú kọ̀ọ̀kan. Ní igun tó kàn, dọ́bù 2, ṣéènì 2, dọ́bù 2. Tí ẹ bá ti yí i ká dé igun àkọ́kọ́, ẹ fi dọ́bù 2 kún un, ẹ so ó bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá kà á. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 3, 7, 11, 15, 19: mẹ́rin ló ń lé ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí 6 tàbí 10, mo lè sọ ibi tó ti sọnù láì rí iṣẹ́ náà. Ojú àkọ́kọ́ lẹ́yìn igun ni. Àwọn dọ́bù tí ẹ kó sínú igun máa ń tẹ̀ bò ó, á wá dà bíi pé kò sí níbẹ̀. Ẹ fi èékánná ti dọ́bù igun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí i tó ká sábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ òun, orí ṣéènì 3 ti ìyípo tó kọjá ni, tí ẹ máa pàdé ní ìparí. Ó tín-ín-rín, kò jọ ojú. Ẹ tú u padà dé ibẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ojú kan kún ibòmíràn kí iye lè pé. Iye á pé lóòótọ́, igun á sì fà sí ọ̀tún tàbí òsì títí ayé.

Bí ṣéènì 3 bá ń fi àyè sílẹ̀ létí rẹ̀, ẹ lo ṣéènì 2, ṣùgbọ́n kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn. Tí etí bá ń rú bí etí gèlè, ojú ti pọ̀ jù tàbí ẹ ń dẹ òwú jù. Tó bá ká sókè bí abọ́, ẹ ń le ọwọ́ jù. Ẹ gbìyànjú píìnì tó fi ìdajì mìlímítà tóbi ju èyí lọ.

Ẹ jẹ́ kí ìrù òwú àárín gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé e yí òrùka ká, kí ẹ tún dá a padà gba ọ̀nà kejì kí ẹ tó gé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àárín á ṣí nígbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó rán wọn pọ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ olórí kan gbogbo wọn mọ́ ìwọ̀n kan náà. Ti òwú àdánidá, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fún un, kó gbẹ síbẹ̀. Ti akirílíìkì, ooru áyọ́ọ̀nù láti òkè ti tó o. Tí irin bá fi lè kàn án, á rọ pẹ̀lẹ́bẹ́, kò sì ní padà sípò mọ́.