Béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí rẹ ìgbà tí yóò ní kẹ́ ẹ gbéra lọ sílé ìwòsàn

Àbúrò mi, o ní oyún àkọ́kọ́ rẹ ti pé oṣù méje, pé o fẹ́ sanwó fún agbẹ̀bí aládàáni kí o lè bímọ nínú ilé yín ní London, àmọ́ ẹ̀rù ń ba ọkọ rẹ. Wẹ́rẹ́ lo ó bí o. Má bá ọkọ rẹ jà. Ẹ̀rù rẹ̀ nídìí.

Ilé ìwòsàn ni mo bí àkọ́bí mi sí. Agbẹ̀bí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gba ọwọ́ ara wọn lórí mi, kálukú ń béèrè orúkọ mi. Kò sẹ́ni tó ṣe mí níkà, àmọ́ bí àlejò ni mo ṣe kúnlẹ̀. Nígbà tí mo lóyún ìkejì, mo wá agbẹ̀bí tèmi. Pálọ̀ wa ló ti ń yẹ̀ mí wò, wákàtí kan gbáko: á wo ẹ̀jẹ̀ ríru, á fi téèpù wọn ikùn, á gbọ́ ọkàn ọmọ, á wá jókòó ti ìyá mi, á ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe bí wa. Kí oṣù tó pé, ó ti mọ̀ pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi tí mo bá ń rọbí.

Aago mẹ́rin ìdájí lọmọ dé. Ó ké, ibi ọmọ tẹ̀ lé e, ni ẹ̀jẹ̀ bá ń ya. Agbẹ̀bí mi ò pariwo. Ó gún mi nítan lábẹ́rẹ́ oxytocin tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó ń fọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ikùn mi kíkankíkan. Agbẹ̀bí kejì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ti pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ó ń gbé páàdì tó rin gbingbin sórí ìwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà, ó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Báàgì ilé ìwòsàn mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ọ̀sẹ̀ 36. Agbẹ̀bí mi ló ní kí n dì í.

Tìrẹ yàtọ̀ torí àkọ́bí ni. Nínú ìwádìí Birthplace tó jáde nílẹ̀ England ní 2011, bíi 45 nínú 100 àwọn tó fẹ́ bí àkọ́bí sílé ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn. Àwọn tó ti bímọ rí, 12. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe pàjáwìrì, ìrọbí ló fà gùn. Ṣùgbọ́n ewu ńlá fún ọmọ fi díẹ̀ pọ̀ sí i fún àkọ́bí: bíi 9 nínú 1,000, ti ilé ìwòsàn jẹ́ bíi 5. Jẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Wo orúkọ agbẹ̀bí tí o fẹ́ gbà nínú ìwé NMC, àjọ tó ń forúkọ àwọn agbẹ̀bí sílẹ̀ ní UK, kí o sì rí ìwé ìbánigbófò rẹ̀. Òfin ti fi dandan lé e láti 2014. Bi í ta ni agbẹ̀bí kejì. NHS, ètò ìlera ìjọba, náà ń gbẹ̀bí nílé láìgba kọ́bọ̀, kọ́kọ́ lọ gbọ́ tẹnu wọn. Bí o bá wá bi agbẹ̀bí aládàáni náà pé ìgbà wo ló máa ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé ìwòsàn, tó bá ní irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sóun rí, wá ẹlòmíì.