Tọ́ọ̀ṣì búlúù kò lè dé ọ̀nà ọ̀fun

ÌBÉÈRÈ: Màmá Apoògùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo torí wọn kọ̀wé. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí oúnjẹ ti ń há wọn lọ́fun, àyẹ̀wò sì ní jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni, ìyẹn ihò tí oúnjẹ ń gbà láti ọ̀fun gba inú àyà dé ikùn. Ọmọ mi tó wà ní Canada ní oògùn kan wà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i nínú ara. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan dé ìsọ̀ mi ní Arówómọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì búlúù àti kápúsù. Ó ní kí wọ́n máa gbé kápúsù mì, kí wọ́n máa tan tọ́ọ̀ṣì sáyà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀. ₦45,000 ló pè é. Ṣé kí n rà á? (Ìyá Ṣadé, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ṣadé, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun, òun náà ni wọ́n ní kó máa gbé kápúsù mì!

Ọmọ yín ò purọ́ ṣá o. Ní 1900, ní Munich ní Jámánì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Oscar Raab kọ ọ́ síta pé aró kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín inú omi lára nínú òkùnkùn ń pa wọ́n nínú ìmọ́lẹ̀. Ní 1995, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn tí ìmọ́lẹ̀ ń jí, tí wọ́n ń pè ní Photofrin, fún irú jẹjẹrẹ tó ti dí ọ̀nà oúnjẹ pa, kí oúnjẹ lè rí ibi gbà. Wọn ò ní ó ń wò ó tán.

Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gún un sí. Wọ́n á dúró bí ọjọ́ méjì, kí oògùn lè dín kù nínú ẹran ara tó yá, kó sì kù síbi tí jẹjẹrẹ wà. Dókítà á wá ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu wọlé, okùn dígí tín-ínrín nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa lórí okùn yẹn. Ìmọ́lẹ̀ á jí oògùn, oògùn á gbé agbára náà fún ọ́síjìn tó wà nítòsí, ọ́síjìn á ya wèrè, á sì pa sẹ́ẹ̀lì tó bá sún mọ́ ọn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò bá dé, oògùn á kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Kí ló dé tí wọn ò tan án láti ìta? Lálẹ́ òní, tí wọ́n bá mú iná lọ (ẹ ò ní dúró pẹ́), ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, kí ẹ fi ìka dí i. Pupa ni ìka á máa tàn. Ìmọ́lẹ̀ funfun lẹ tàn, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ti gbé àwọ̀ tó kù mì, pupa nìkan ló rí ọ̀nà jáde. Pupa náà, mìlímítà díẹ̀ ni agbára rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Búlúù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá awọ. Kí ló wá fẹ́ gba eegun àyà kọjá?

Ẹ lè ní ṣebí iná búlúù ni wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tuntun tó ní ibà pọ́njú. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fi ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi aṣọ di ojú rẹ̀. Aago méjì òru, iná lọ, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀. Abẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń fẹ́ ọmọ títí ilẹ̀ fi mọ́, gílóòbù dúdú lókè orí wa. Àmọ́ ohun tó ń sọ ọmọ di pípọ́n wà lábẹ́ awọ gan-an, ìdí nìyẹn tí búlúù fi ń bá a. Nílùú wa níbí, ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen, wọ́n ti dán àgọ́ onínáílọ́ọ̀nù kan wò tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó wúlò nínú oòrùn wọlé, tó ń dá èyí tó ń jó ara dúró. Ìwádìí náà jáde ní 2018: àgọ́ ò kẹ́yìn sí iná mànàmáná. Mo rántí abẹ̀bẹ̀ mi. (Ẹ má torí èyí gbé ọmọ sóòrùn lásán o.)

Oògùn onímọ́lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ dà bí ẹ̀kọ inú ewé. Wọ́n á di oògùn sínú àpò kékeré tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe (irú ọ̀rá ara ẹran, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù), wọ́n á fi eruku góòlù sí i lára. Ìmọ́lẹ̀ á mú góòlù gbóná, àpò á tú. Ilé ìwádìí ló ṣì pọ̀ sí jù.

Tí ọkùnrin yẹn bá padà wá, ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gbọ́n yín ò ní rí oòrùn. Ẹni tó bá gba Photofrin, ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ló gbọ́dọ̀ fi sá fún un, torí oògùn ṣì wà nínú awọ, oòrùn á jó o. Tó bá ní kò sí wàhálà, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú kápúsù rẹ̀.

Ẹ fi owó yẹn wọ mọ́tò lọ ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, kí ẹ kó gbogbo ìwé àyẹ̀wò dání. Ẹ bi wọ́n nípa ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ (radiotherapy), ẹ tún bi wọ́n nípa ọ̀pá oníhò tí wọ́n fi wáyà hun, tí wọ́n ń tẹ̀ sọ́nà ọ̀fun kó lè là. Kó tó dìgbà náà, ògì àti mílíìkì, díẹ̀díẹ̀, lórí ìjókòó. Tí omi pàápàá ò bá lọ mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá; ẹ gbé wọn lọ lóru.