Ṣé Tacoma mi lè fa bóòtù fáíbà láti Èkó dé Jẹ́bà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀ńjíníà. Àjàṣẹ́-Ìpo ni mo ń gbé. Látìgbà tí bóòtù yẹn ti dànù ní Pàtígì lóṣù kẹfà ọdún 2023, tó gba ẹ̀mí àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀, lèmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ti ń sọ ọ́ pé ká dáwó jọ ra bóòtù fáíbà gidi tó máa máa gbé èrò ní Jẹ́bà. A ti wá rí ọ̀kan l'Ékòó, ẹsẹ̀ bàtà 24 ni, Yamaha 150 méjì ló wà nídìí ẹ̀, wọ́n á sì fún wa ní trailer onítáyà tí ọkọ̀ ń fà, tí wọ́n gbé e lé. Ẹni tó ń tà á ní bóòtù yẹn ò ju 2,100 kilo lọ. Toyota Tacoma tókunbọ̀ lèmi ní, píkọ́ọ̀pù ọdún 2016, V6, 4x4 onílẹ̀kùn mẹ́rin, mo sì kà á pé ó lè fa 6,800 pound, ìyẹn ju 3,000 kilo lọ. Ṣé kí n kàn lọ fà á wá? Wẹ́dà kan ní wákàtí méjì péré lòun máa fi jó towbar, irin tí ọkọ̀ fi ń fa trailer, sí i fún mi. Alaaji, Àjàṣẹ́-Ìpo.

Ìdáhùn: Alaaji, ẹ kú èrò rere, Ọlọ́run á tì yín lẹ́yìn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹ gba ìdáhùn yín: rárá, ẹ má fi Tacoma yẹn fa bóòtù yẹn láti Èkó bó ṣe wà yẹn. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì ò ní lè wọ́ ọ o. Á wọ́ ọ, ibẹ̀ gan-an ni ewu ẹ̀ wà, torí ẹ máa gbé e kúrò ní yáàdì l'Ékòó, á tẹ̀ lé yín wọ́ọ́rọ́wọ́, ọkàn yín á balẹ̀, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbì kan tí ọkọ̀ epo wá dúró lójijì níwájú yín kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn yín wúwo ju ọkọ̀ tẹ́ ẹ jókòó sí lọ. Tacoma yín fúnra ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 2,000 kilo lọ. Bíréèkì ọkọ̀ tó jẹ́ 2,000 kilo lẹ fẹ́ fi dá ẹrù tó lé ní 3,000 dúró.

Ẹ ní kí ló sọ ọ́ di 3,000? Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. 2,100 tí ẹni yẹn sọ, ìkarahun bóòtù lásán ló ń sọ yẹn, bí wọ́n ṣe máa ń dá a fún oníbàárà nìyẹn, ẹ pè é kẹ́ ẹ bi í, ẹ máa rí i pé kò ka ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Yamaha 150 kan sún mọ́ 220 kilo, méjì ti di 440. Ẹ ò sọ bí táńkì epo ẹ̀ ṣe tóbi tó, ẹ jẹ́ ká ní 300 lítà ló ń gbà, tó bá kún, bẹntiróòlù inú ẹ̀ nìkan á ju 220 kilo lọ. Trailer onírin tó ní áàsù méjì (irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì) tó lè gbé irú bóòtù yẹn, ẹ fi 650 sí i. Bátìrì, ìdákọ̀ró, okùn, lifejacket, gbogbo pálapàla tí wọ́n máa ń gbàgbé sínú bóòtù, ẹ fi 100 sí i. Ẹ ro ó pọ̀, 3,500 kilo ti kọjá. Mo tiẹ̀ rọra ṣírò ẹ̀ ni o, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ti rí bóòtù tí omi òjò ti kún abẹ́ pákó ẹ̀ tẹ́nì kankan ò mọ̀, omi lítà kan sì rèé, kilo kan ni.

Ó wá kan 6,800 pound tẹ́ ẹ kà. Òótọ́ ni wọ́n kọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo Tacoma. Èyí tó fúyẹ́ jù lára wọn, tí kì í ṣe 4x4, ló ń jẹ́ 6,800. Tiyín tó jẹ́ 4x4 onílẹ̀kùn mẹ́rin, bíi 6,400 ló máa ń wà, ìyẹn 2,900 kilo, ìyẹn náà tó bá jẹ́ pé tow package, àwọn ohun èlò ìfa-ẹrù, wà lára ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Oní-sílíńdà mẹ́rin tiẹ̀ wà tí kò ju 3,500 pound lọ, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, bọ́dì kan náà. Torí náà bóòtù yín ti fi 600 kilo kọjá agbára ọkọ̀ yín, ká tó mú ọ̀rọ̀ ọ̀nà wá rárá.

Ohun míì tún wà tí àwọn èèyàn wa kì í wò, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ẹ máa rí sítíkà kan lára férémù ibẹ̀ tó sọ iye tí èèyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá. Fún irú Tacoma yín, á wà ní bíi 1,100 pound, ká pè é ní 500 kilo. Ọrùn trailer tó jókòó sórí bọ́ọ̀lù onírin lẹ́yìn ọkọ̀, ẹrù lòun náà, inú 500 yẹn ló ti máa jẹ. Bí trailer bá sì máa rìn gún, ọrùn yẹn gbọ́dọ̀ gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ẹrù, ìyẹn 350 kilo fún tiyín. Ó ku 150. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín kan tẹ́ ẹ bá jókòó síwájú, ó ti tán nìyẹn, táyà sípéà àti jáàkì ò tíì wọlé. Ọ̀pọ̀ á wá sọ pé kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì méjèèjì kí wọ́n kó wọn sí búùtù píkọ́ọ̀pù kí bóòtù lè fúyẹ́. Ẹ má dán an wò, 440 kilo ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ọrùn trailer á tẹ ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, táyà iwájú á sì gbéra débi pé sítíárìn á máa fò lọ́wọ́ yín.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ọrùn yìí? Ojú mi ti rí i. Ní 2014, mo fi Hilux fa jẹnẹrétọ̀ ńlá kan tó wà lórí táyà láti Ìbàdàn wá sí Ìlọrin. Àwọn tó kó o fún mi ti so dúrọ́ọ̀mù dísù mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n rọ ọ́ kún, èmi náà ò sì yẹ̀ ẹ́ wò, mo kàn fi bọ́ọ̀lù há a mo sì gbéra. A kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà dára, mo wà lórí 90, ni mo bá wo díńgí tí mo rí i pé ó ti ń fì, sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún, sósì, ó sì ń pọ̀ sí i. Mo tẹ bíréèkì. Ohun tó burú jù tí mo lè ṣe nìyẹn, torí bí ọkọ̀ iwájú ṣe ń falẹ̀ lẹ̀yìn ń ti í, ó gbé ìdí Hilux kúrò lójú títì, inú igbó la bára wa. Ọmọ iṣẹ́ mi tó jókòó ẹ̀gbẹ́ mi fi apá kán, apá yẹn ò sì tíì nà tán títí dòní. Gbogbo ẹ̀ ò ju pé ẹrù pọ̀ lẹ́yìn áàsù, ọrùn wá fúyẹ́. Bóòtù wá tún burú ju jẹnẹrétọ̀ lọ, torí ìdí ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, ìdí ló máa ń wúwo látilẹ̀. Tó bá ti ń fì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tẹ́ ẹ fi ń sáré pátápátá, sítíárìn gún, ẹ má fọwọ́ lé ohunkóhun míì títí eré á fi wálẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ohun tèmi máa ṣe tó bá jẹ́ èmi ni yín rèé. Ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀kan péré ni láti Èkó dé Jẹ́bà. Ẹ gba self-loader tàbí lowbed, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ń gbé ọkọ̀ míì sẹ́yìn, kó gbé bóòtù àti trailer ẹ̀ pa pọ̀ sórí, kẹ́ ẹ so ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kó já a sí Jẹ́bà. Mo mọ̀ pé owó ni, àmọ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gíà Tacoma, torí gíà ọ̀tọ̀mátíìkì tó bá fa ẹrù tó jù ú lọ láti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́ wá sí Ìlọrin nínú oòrùn, ọ́ìlì inú ẹ̀ á jóná, kò sì ní kú lọ́jọ́ yẹn, oṣù méjì mẹ́ta sí i ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ mọ́ pé bóòtù ló fà á.

Tẹ́ ẹ bá wá sọ pé Tacoma náà ni dandan, ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo lè fọwọ́ sí nìyí: ẹ fa epo inú táńkì gbẹ, ẹ tú ẹ́ńjìnnì méjèèjì kí bọ́ọ̀sì míì kó wọn wá lọ́tọ̀, ẹ kó gbogbo ẹrù inú bóòtù jáde, ó máa wá sún mọ́ 2,750. Ó ti wọ inú agbára ọkọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n tín-ín-rín ni. Ẹ má gba ìṣirò mi gbọ́ lásán, ẹ gbé e gorí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn tírélà kẹ́ ẹ tó fi Èkó sílẹ̀. Ti ọrùn trailer, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara wa nílé tó. Ẹ wá pákó tó nípọn, ẹ gbé orí kan lé búlọ́ọ̀kù, ẹ gbé orí kejì lé òṣùwọ̀n, kí ibi tó sinmi lé lápá méjèèjì jìn síra ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá gbé ọrùn trailer lé pákó níbi tó jìn sí búlọ́ọ̀kù ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Iye tí òṣùwọ̀n bá kọ, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Tó bá kọ 90, 270 nìyẹn, ó sì dára fún 2,750. Tó bá kéré, ẹ tú ọ̀pá winch (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa bóòtù gorí trailer) tó wà níwájú trailer, ẹ sún un síwájú díẹ̀, kẹ́ ẹ fa bóòtù tẹ̀ lé e.

Ẹ tún lọ wo bíréèkì trailer yẹn fúnra yín. Trailer bóòtù, ọrùn ẹ̀ ni bíréèkì ẹ̀ máa ń wà, bí ọkọ̀ iwájú bá falẹ̀, trailer á ti ara ẹ̀ síwájú, títì yẹn lá tẹ ọ́ìlì bíréèkì dé táyà. Omi iyọ̀ l'Ékòó máa ń jẹ ẹ́, àwọn míì tiẹ̀ máa ń já páìpù ẹ̀ dànù nígbà tó bá dààmú wọn, tí wọ́n á kun ún ní ọ̀dà tí wọ́n á ní ó ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá ṣiṣẹ́, Alaaji, ẹ má fà á dé ìta géètì. Bíárìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú gbogbo ẹ̀, kí wọ́n kó girísì tuntun tó ń bá omi ṣe sí i, ẹ sì ra ẹyọ kan pamọ́. Lójú ọ̀nà, ní gbogbo wákàtí kan, ẹ dúró, ẹ sún ọwọ́ mọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan níbi tí bíárìn wà, èyí tí ooru ẹ̀ bá ju ti àwọn tó kù lọ ti fẹ́ há nìyẹn. Táyà ní nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì ìparí ni ọdún tí wọ́n ṣe é, tẹ́ ẹ bá rí 15 tàbí 16 ẹ pààrọ̀ ẹ̀ bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ wẹ́dà yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó fi iná kan ṣáàsí yín. Towbar tó dáa, bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń dè é mọ́ ihò tí ilé iṣẹ́ ti lu sára ṣáàsí, tí Tacoma yín bá sì ní tow package, ó ti wà lábẹ́ ẹ̀ látilé, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bọ́ọ̀lù náà ní sáìsì, ínṣì méjì wà, èyí tó fi díẹ̀ ju méjì lọ náà wà, nọ́ńbà á wà lára ihò ọrùn trailer, ó gbọ́dọ̀ bá ti bọ́ọ̀lù mu. Ṣéènì méjèèjì, ẹ gbé wọn kọjá ara wọn bí àgbélébùú lábẹ́ ọrùn, kó lè gbé e tó bá já. FRSC ní kí tírélà àti táńkà má ju 60 lọ lórí expressway, ẹ̀yin náà ẹ má jù ú lọ, ẹ má sì rìn lóru.

Ní etí omi ní Jẹ́bà, Tacoma yẹn á wúlò fún yín gan-an, torí ìrìn kúkúrú ni, ẹ kàn fi 4L, gíà 4x4 tó lọ́ra tó sì lágbára, tì í sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan dúró pẹ̀lú òkúta tí á fi há táyà. Ẹ jẹ́ kí bíárìn tutù kó tó kan omi, èyí tó bá gbóná á fa omi mu. Ẹ rántí dí ihò ìdí bóòtù tí wọ́n ṣí fún omi òjò.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ya fọ́tò sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn yẹn àti àwo onírin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára trailer, ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, mo máa wò ó lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé.