Ọrún: ọjọ́ márùn-ún ni àbí mẹ́rin?

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ kíláàsì 5 ní abúlé kan nítòsí Kàbà ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó fún àwọn ọmọ ní ìṣirò kan: wọ́n ń ná ọjà ní ọrọọrún, ìsìn ń wáyé lọ́jọọjọ́ Àìkú, bí méjèèjì bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa tún pàdé? Ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni 35, torí 5 lọ́nà 7. Ọmọ ìyá elépo kan kọ 28. Tíṣà fagi lé e, ọmọ fàáké kọ́rí. Ó wá ń béèrè pé kí ni ọrún gan-an, ta sì ló gbà á.

Òkun o, Tíṣà. Ọmọ yẹn ló gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá máàkì rẹ̀ padà fún un.

Bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́ ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá dúró sí gan-an ni wọ́n fi ń ṣe èkíní. Bí ọjà bá bọ́ sí Ajé, Ajé ni ọ̀kan, Ìṣẹ́gun ni èjì, Ọjọ́rú ni ẹ̀ta, Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀rin, Ẹtì ni àrún. Ẹtì yẹn ni ọjà tún pé. Ìka márùn-ún lẹ kà, ṣùgbọ́n oorun mẹ́rin péré lẹ sùn láàárín ọjà méjèèjì. Láti Ẹtì, á bọ́ sí Ìṣẹ́gun, á tún bọ́ sí Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Ìgbà méje ni oorun mẹ́rin-mẹ́rin, ọjọ́ 28 nìyẹn. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ru epo lọ sọ́jà kò ní kó ṣe ìsọdipúpọ̀ kankan kó tó mọ̀ ọ́n. Ó mọ ìgbà tí ọjà máa ń kọlu ọjọ́ Ìsinmi, tí ìyá á máa rò ó bóyá ìsìn ni kí òun lọ tàbí kí òun lọ tajà. Láti ìgbà tí Tommy Titcombe ti gbé Ìhìnrere dé ilẹ̀ Yàgbà ní 1908 ni ìkọlù yẹn ti ń bá àwọn ìyá wa fínra.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà nìkan. Òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Ẹ ka oorun tó wà níbẹ̀, méjì ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìṣẹ́gun, Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, síbẹ̀ gbogbo wa ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ, kò sì sẹ́ni tó ń bá bàbá ọmọ jà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, Jésù kú ní Ẹtì, ó jí ní Àìkú, Bíbélì sì pè é ní ọjọ́ kẹta. Ìkà kan náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ìsán àti ìtàdógún, tí àwọn náà jẹ́ orúkọ iye ọjọ́ bí ọrún. Ìsán ni mẹ́sàn-án lórúkọ, oorun 8 ló wà nínú rẹ̀. Ìtàdógún ni mẹ́tàdínlógún lórúkọ, oorun 16 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wá tò wọ́n mọ́ ọrún: 4, 8, 16. Ìsán kan jẹ́ ọrún méjì géérégé, ìtàdógún kan jẹ́ ọrún mẹ́rin. Ẹgbẹ́ tó ń dá èsúsú ní ìtàdógún, tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, orí ọjọ́ ọjà ni wọn yóò máa bá a lọ, níbi tí owó ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú àwọn orúkọ náà ní tààrà, 5, 9, 17, kò sí èyí tó wọ inú èkejì. Ọjọ́ èsúsú ì bá máa ṣáko kúrò lórí ọjà. Lójú tèmi, ẹ̀rí yìí nìkan tó láti fi pa ẹjọ́ náà tì. Àwọn Igálà tó wà lódìkejì Odò Ọya kò tiẹ̀ jẹ́ kí irú àríyànjiyàn yìí wáyé: wọ́n sọ ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan lórúkọ, Eke, Ede, Afo, Ukwo, ó tán.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìmọ̀wé ló fà á. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọjà tí wọ́n ń pè ní nundinae, orúkọ tí wọ́n mú jáde láti inú mẹ́sàn-án, ọjọ́ 8 sì ni wọ́n fi ń ná an. Ìsán wa gan-an nìyẹn. Ìkà yìí sì dá wàhálà sílẹ̀ fún wọn. Julius Caesar tún kàlẹ́ńdà wọn ṣe, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 45 ṣáájú ìbí Kristi, ó sì ní kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún ọdún ní ọdún kẹrin-kẹrin. Wọ́n pa Caesar ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn àlùfáà tí kàlẹ́ńdà wà lọ́wọ́ wọn ka ọdún kẹrin bí a ṣe ń ka ọrún: ọdún tí wọ́n fi ọjọ́ kún ni wọ́n tún fi ṣe èkíní. Bí wọ́n ṣe ń fi ọjọ́ kún un ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta nìyẹn. Nígbà tí ọdún 36 fi máa pé, ìgbà 12 ni wọ́n ti fi kún un dípò 9. Olú Ọba Augustus ló wá pàṣẹ pé kí ọdún 12 kọjá láìfi ọjọ́ kankan kún un, kí kàlẹ́ńdà lè padà bọ́ sípò. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ìkà tí ẹ ń bá ọmọ kíláàsì 5 jà lé lórí yìí ló da àwọn aláṣẹ Róòmù pàápàá rú. Àwọn Faransé ṣì ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ọjọ́ 15 di òní, àwọn Yorùbá Kétu tó ń gbọ́ èdè wọn lójoojúmọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òdo ló ya ìkà méjèèjì sọ́tọ̀: ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, èkejì bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ní 628 ni Brahmagupta ní ilẹ̀ Íńdíà kọ òfin bí a ṣe ń ro òdo pọ̀ mọ́ nọ́ńbà àti bí a ṣe ń yọ ọ́. Iṣẹ́ al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò ní Baghdad, gbé nọ́ńbà Íńdíà káàkiri, ìwé tí Leonardo ará Pisa kọ ní 1202 sì mú un gbilẹ̀ ní Yúróòpù. Dionysius tó ṣètò kíka ọdún láti ìbí Kristi ní 525 kò fi òdo síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọdún 1 fi tẹ̀ lé ọdún 1 ṣáájú rẹ̀ láìsí ọdún kankan láàárín. Ẹ wo ọmọ tó bá ń fi rúlà wọn pẹ́ńsù: ó fi ìdí pẹ́ńsù sórí 1, ẹnu rẹ̀ bọ́ sórí 8, ó ní sẹ̀ǹtímítà 8. Ọrún ló ń kà. Àwọn àmì ló kà, kò ka àlàfo tó wà láàárín wọn.

Láti 1976 ni ẹgbẹ́ kan ti wà káàkiri àgbáyé tó ń rí sí bí ìtàn ìṣirò ṣe lè wúlò fún ẹni tó ń kọ́ni. Mo gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kàn máa sọ ìtàn Pythagoras fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó kọ fọ́múlà sójú pátákó, kò sí ohun tíyẹn ń ṣe fún ọmọ ju pé kí ó sinmi díẹ̀. Ibi tí ìtàn ti ń ṣiṣẹ́ ni ibi tí ọmọ ti kọsẹ̀ síbi tí àwọn àgbà ayé ti kọsẹ̀ rí. Ẹ sọ ti Augustus fún wọn ní ọjọ́ tí ẹ bá ń kọ́ wọn ní rúlà.

Ohun tó ba ìbéèrè tiyín jẹ́ ni pé ó ti ti inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ọrún di “ọjọ́ márùn-ún márùn-ún” nínú ìwé, ó sì padà wá bá ọmọ tó mọ ọrún tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti iṣẹ́ yòókù, irú ìdàrúdàpọ̀ yìí wà lára ohun tí ètò bẹ́ẹ̀ lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá tún fẹ́ fún wọn ní ìṣirò náà, ẹ kọ ọjọ́ sínú rẹ̀: “Ọjà wáyé ní Ajé, ó tún wáyé ní Ẹtì.” Lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí ọjà ìsán máa tún bá ọjọ́ Àìkú pàdé, ọjọ́ 56 ni, àti ti èsúsú ìtàdógún, ọjọ́ 112. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìka kà á, kí wọ́n tó mú bírò.