Má Tíì Ki Plọ́ọ̀gì Ẹ̀ Bọ Iná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bùrọ̀dá mi tó lọ sí Osaka ra PlayStation àtijọ́, aláwọ̀ eérú yẹn, bọ̀ fún mi, pẹ̀lú sídì géèmù bọ́ọ̀lù kan, Winning Eleven 4, tí wọ́n fi èdè Japan kọ. Mi ò tíì tàn án. Ẹnì kan ní kò lè ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa níbí, ẹlòmíì ní àwòrán ẹ̀ kò ní ní àwọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin kò sì jẹ́ kí n sinmi. Kí ni kí n ṣe? Òǹkàwé yín, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ́kọ́ béèrè. Jọ̀ọ́, má tíì ki plọ́ọ̀gì ẹ̀ bọ iná. Iná ilé ní Japan, 100 fólítì ni. Tiwa, 220 sókè. Inú PlayStation aláwọ̀ eérú gan-an ni wọ́n kó ohun tó ń gba iná sí, 100 yẹn ni wọ́n sì ṣe ti Japan fún. Èyí tí èmi kọ́kọ́ ní, ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á mọ́ iná ní pálọ̀. Ó dún “pọ̀!”, òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo ilé. Páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì tẹ bọ́tìnì kan. Ó dùn mí wọra. Torí náà, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná, ní kí wọ́n fún ẹ ní tíránsífọ́mà kékeré tó ń sọ 220 di 100.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn, òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀dọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló ti ń wá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi àwọ̀ sí àwòrán tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀ síra: NTSC ni wọ́n ń lò ní Japan, PAL ni tiwa. Tẹlifíṣọ̀n tí kò mọ̀ ju PAL lọ á gbé àwòrán jáde, kò sì ní lè ka àwọ̀ ẹ̀, koríko pápá á wá rí bí eérú. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní mọ méjèèjì. Wá ibi tí wọ́n ti ń ṣètò àwọ̀, yí i sí AUTO tàbí NTSC.

Wàyí o, géèmù fúnra ẹ̀. Konami gbé e jáde lọ́dún 1999. “Jikkyou” tó wà nínú orúkọ ẹ̀ gígùn, ìròyìn bí eré ṣe ń lọ ló túmọ̀ sí. O ò ní gbọ́ èdè tí Jon Kabira, ẹni tó ń ròyìn eré nínú géèmù náà, ń sọ, síbẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá ti sún mọ́ ojú ilé, ohùn ẹ̀ á sọ fún ẹ. Ohun tó máa dà ẹ́ láàmú ni pé bọ́tìnì olóbìrí ni wọ́n fi ń gba ohun tí o bá yàn wọlé, × ni wọ́n fi ń padà sẹ́yìn. Àwọn ará Japan máa ń fa òbìrí sí ìdáhùn tó tọ̀nà, wọ́n á fa × sí èyí tí kò tọ̀nà. Bí o bá ti rántí ìyẹn, o ò nílò ògbufọ̀.

Nínú pápá, × ni páàsì kúkurú, olóbìrí ni bọ́ọ̀lù gígùn, onígun mẹ́rin ni o fi ń gbá a sílé, R1, bọ́tìnì tó wà létí òkè páàdì lápá ọ̀tún, sì ni eré sísá. Ṣùgbọ́n onígun mẹ́ta ni ẹ̀mí géèmù yìí! Òun ló ń fi bọ́ọ̀lù sí iwájú ẹni tó ń sáré, láàárín àwọn adènà méjì. Dúró kí oníbọ́ọ̀lù ẹ kọ́kọ́ yọ ẹsẹ̀, kó o tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá di R1 mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bọ́ọ̀lù á máa jìnnà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì gbà á. Wá àsíá wa nínú àwọn orílẹ̀-èdè, kó o gbé bọ́ọ̀lù fún Tijani Babangida lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ìgbà yẹn ni kó o wá tẹ R1. Ara mi ṣì máa ń yá gágá bí mo bá rántí bó ṣe ń sáré.

Géèmù yìí náà ni Master League ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n á fún ẹ láwọn oníbọ́ọ̀lù tí kò mọ bọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀, o fẹ́ràn wọn tàbí o ò fẹ́ràn wọn, bó o bá ṣe ń jáwé olúborí lo máa rí máàkì tó o fi ra àwọn tó dáa. Má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láìní mẹ́mọ́rì káàdì, ìyẹn káàdì tó ń tọ́jú ibi tó o bá géèmù dé. Bí NEPA bá mú iná lọ, gbogbo líìgì lọ nìyẹn.

Bí sídì bá ń ta kókó, fi òwú rírọ̀ nu dígí kékeré tó ń kà á. Bí kò bá gbà, dojú ẹ̀rọ náà dé, kó o tún un tàn. A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn tó ti pẹ́, ó sì máa ń gbọ́.

Tí ẹ bá ti gbá ti àkọ́kọ́, kọ̀wé sí mi. Sọ orílẹ̀-èdè tí ọmọ ẹ mú.