Malayalam tí ẹ̀rọ máa gbọ́: kí o tó béèrè mọ́dẹ́lì, wo ìkọ̀wé ná

Àbúrò, kú iṣẹ́ o. O ní Kochi ní Kerala, gúúsù Íńdíà, lo wà, o ń ka másítáàsì, ọ̀gá rẹ sì ní kí o ṣe ẹ̀rọ tó máa gbọ́ Malayalam, èdè àwọn ará ibẹ̀, táá máa kọ ọ́ sílẹ̀. O ti kó ohùn wákàtí 40 jọ, o sì ń béèrè bóyá Whisper ni kí o mú àbí wav2vec, mọ́dẹ́lì méjì tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, àti bóyá GPU kan ṣoṣo, káàdì ìṣirò tí wọ́n fi ń kọ́ mọ́dẹ́lì, á gbé e. Àwọn ará ibí ti ń bára wọn jà lórí mọ́dẹ́lì láti àárọ̀. Èmi ò bá wọn dá sí i o. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹun nídìí iṣẹ́ yìí ní Kerala, nílé iṣẹ́ kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ, mọ́dẹ́lì kọ́ ló jẹ́ kójú mi rí màbo. Ìkọ̀wé ni.

Oṣù kẹta tá a bẹ̀rẹ̀, a kó èsì àkọ́kọ́ jáde. Mo gbé gbólóhùn tí ènìyàn kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ̀rọ kọ, mo wò ó, mo tún un wò: wọ́n bára mu látòkè délẹ̀. Síbẹ̀ kóòdù tó ń ka àṣìṣe ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ló yàtọ̀. Mo rò pé ojú ló ń ṣe mí. Mo pe ọmọ Thrissur kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, mo ní, “Chetta, ẹ bá mi wò ó” (bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀ nìyẹn). Kò pẹ́ tó fi bú sẹ́rìn-ín. Chillu ni.

Chillu ni lẹ́tà kọ́ńsónáǹtì tí kò ní fáwẹ́lì kankan lẹ́yìn: ൻ, ർ, ൽ, ൾ, ൺ. Kó tó di ọdún 2008, Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ò fún wọn ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ൻ á tẹ ന, á tẹ chandrakkala, ìyẹn àmì tó ń pa fáwẹ́lì, á wá fi ZWJ tì í, àmì kan tí ojú kì í rí. Nígbà tí Unicode 5.1 dé lọ́dún 2008, wọ́n fún chillu kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun táwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀ ò lọ síbì kankan. അവൻ, tó túmọ̀ sí “òun” fún ọkùnrin, lè wà nínú dátà rẹ lọ́nà méjì tójú ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Èyí tá a kó látorí íntánẹ́ẹ̀tì ní ti àtijọ́, kíbọ́ọ̀dù àwọn akọ̀wé wa ń tẹ ti tuntun. Mọ́dẹ́lì kọ́ méjèèjì, ó wá ń mú èyí tó bá wù ú.

Ìwọ ọmọ Yorùbá, èyí ò yẹ kó ṣàjèjì sí ọ. Ẹ́ tiwa náà, ẹnìkan lè tẹ ẹ kó gbé àmì òkè lé e, ẹlòmíì lè tẹ é kó wá fi àmì sábẹ́ ẹ̀. Àmọ́ tiwa ṣeé tún ṣe wẹ́rẹ́: fi NFC, òfin Unicode tó ń so irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ pọ̀, kọjá lórí ẹ̀, méjèèjì á di ọ̀kan. Ohun tó gba oṣù kan lọ́wọ́ mi rèé: NFC ò mọ chillu. Lójú Unicode, chillu àtijọ́ àti tuntun kì í ṣe ohun kan náà, kò sí òfin tó so wọ́n pọ̀. Àfi kí o fọwọ́ ara rẹ kọ kóòdù tó máa pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ti wà níbẹ̀, tún wo ന്റ. Ó wà nínú അവന്റെ, “tirẹ̀”, ó sì wà níbi gbogbo, torí òun ni wọ́n fi ń sọ pé nǹkan jẹ́ ti ẹnìkan. Mo ti rí i lọ́nà mẹ́ta: ന pẹ̀lú chandrakkala àti റ; ൻ pẹ̀lú chandrakkala àti റ; àti ൻ tí wọ́n kàn to റ tẹ̀ lé. Àmì fáwẹ́lì au náà ní ti àtijọ́, ൌ, àti ti ìsinsìnyí, ൗ. Mú ọ̀kan, kó gbogbo ìyókù sínú ẹ̀, nínú dátà ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ti ìdánwò, kí o tó kọ́ ẹ̀rọ ní lẹ́tà kan.

Èyí tó tẹ̀ lé e burú jùyẹn lọ, torí ayọ̀ ló bá wọlé. Ní 2023 a kọ́ Whisper lórí dátà wa, WER, ìyẹn iye ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ṣì nínú ọgọ́rùn-ún, já wálẹ̀ débi pé ọ̀gá ra biryani fún gbogbo ọ́fíìsì. Wọ́n ti ń fi nọ́ńbà náà han oníbàárà. Èmi ni mo lọ ṣí kóòdù, kì í ṣe pé mo gbọ́n, nǹkan míì ni mò ń wá. Mo wá rí i pé normalizer (kóòdù tó ń tún ìkọ̀wé tò) tó bá Whisper wá, èyí tó wà fún èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ń fi àlàfo rọ́pò gbogbo ohun tí Unicode bá pè ní àmì, kí wọ́n tó ka àṣìṣe. Ní Malayalam, àmì ni fáwẹ́lì tó bá so mọ́ kọ́ńsónáǹtì. Àmì ni chandrakkala. Àmì ni anusvara, ìyẹn ം tó ń dún bí “m”. Orúkọ èdè náà gan-an, മലയാളം, á di മലയ, àlàfo, ള. Ẹ̀rọ lè ṣi gbogbo fáwẹ́lì gbọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo pa normalizer náà, mo tún ìdánwò ṣe, àṣìṣe ju ìlọ́po méjì lọ. Èmi náà ni mo lọ sọ fún ọ̀gá. Adùn biryani yẹn kúrò lẹ́nu wa lọ́jọ́ náà.

Kavya Manohar àti Leena G. Pillai kọ̀wé lórí ọ̀fìn yìí gan-an ní 2024. Ká ní ó ti jáde ṣáájú ni, mi ò bá má ti kó sí i. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ti Yorùbá má sì rò pé ọ̀rọ̀ ará Íńdíà nìkan ni. “Bàbá” á kọjá láìfarapa, torí à àti á ní nọ́ńbà tiwọn. Ọ̀ àti ẹ́ ò ní in, àmì orí wọn dá dúró ni, normalizer yẹn á gé e, á fi àlàfo síbẹ̀. “Ọ̀rẹ́” á di “ọ rẹ”. Ẹ tún lọ wo nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti ń fi yangàn.

Ká wá dé orí ọ̀rọ̀ gígùn. Malayalam máa ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, ibi tí wọ́n bá sì ti pàdé, ìró á yí. മരം, igi, àti ഉണ്ട്, ó wà, á di മരമുണ്ട്. “Ó ń bọ̀” lásán, ọ̀rọ̀ kan ni: വന്നുകൊണ്ടിരിക്കുന്നു. Ka lẹ́tà tó wà nínú ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣi ẹyọ kan, WER á ní gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Nígbà tí mo ṣì ń lo Kaldi, irinṣẹ́ ìgbọ́rọ̀ kan tó ti pẹ́, mo ń kó ọ̀rọ̀ jọ lọ́sàn-án lóru sínú lexicon, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ mọ̀, bí mo ṣe ń kó o ni tuntun ń yọjú nínú dátà ìdánwò, bí ẹni ń fi agbọ̀n pọnmi. Ìwádìí tí Kavya Manohar àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2020 sọ ìdí ẹ̀: wọ́n ka ọ̀rọ̀ Malayalam mílíọ̀nù 8, ọ̀rọ̀ tí wọn ò tíì rí rí ò yéé wá. Ohun tó gbà mí ni pé mo fi odindi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo gé e sí sílébù. Mlphon, iṣẹ́ Kavya Manohar yìí kan náà, á gé sílébù fún ọ, á sì sọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Mlmorph ti Santhosh Thottingal á tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ dé ìdí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Máa kọ CER, tó ń ka àṣìṣe lẹ́tà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ WER nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rọ rẹ ń tẹ̀ síwájú.

Whisper tún ní wàhálà tiẹ̀ lórí èyí. Báìtì mẹ́ta ni lẹ́tà Malayalam kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú UTF-8, Whisper á sì máa gé wọn wẹ́wẹ́ sí ẹyọ tí wọ́n ń pè ní tókìnì, bẹ́ẹ̀ àyè tókìnì 448 péré ló ní. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀ lè kún un kí ìṣẹ́jú-àáyá 30 tó ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tó pé. Ẹ̀rọ tèmi dákú láàárín òru nítorí gbólóhùn kan tó gùn jù, mo jí láàárọ̀, owó GPU ti lọ. Gé ohùn rẹ kúrú.

Àmọ́ ibi tí owó wa ti jóná jù, ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀wé ni. A gba mẹ́fà, a fún wọn ní ohùn, a ò fún wọn lófin. Ti Thiruvananthapuram ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ níbi tí ti Kozhikode ti ń fi àlàfo sí, méjèèjì ló sì tọ̀nà. Ẹnìkan kọ ബസ്, ẹnìkan kọ bus ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá kan sọ “school”, bí gbogbo ayé ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀, akọ̀wé kọ വിദ്യാലയം, torí ìyẹn ni Malayalam gidi lójú tiẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín tó tún fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́kún ni ti apá Malabar, ní àríwá Kerala. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ máa ń pe ഴ bíi “y”: kozhi, adìẹ, á di koyi. Ẹ̀rọ gbọ́ koyi, ó kọ koyi. Akọ̀wé ti kọ kozhi. À ń na ẹ̀rọ torí pé etí ẹ̀ dáa. Wákàtí 60 la pè padà tá a ní kí wọ́n tún kọ, owó kejì sì la san.

Nítorí náà, kọ òfin ojú ìwé méjì kí ẹnikẹ́ni tó tẹ lẹ́tà kan. Tèmi nìyí, ẹlòmíì lè má fara mọ́ ọn: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà Malayalam ni kí wọ́n fi kọ ọ́, ẹ̀ka-èdè, bí ẹni náà ṣe pè é ni kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n wá fi ti ìwé sí ìlà kejì. Lẹ́yìn náà, fún gbogbo akọ̀wé ní ohùn ìdajì wákàtí kan náà, kí o fi WER wọn akọ̀wé sí akọ̀wé. Tiwa dẹ́rù bà mí. Àwọn ènìyàn ò bára wọn mu tó bí ẹ̀rọ ṣe bá wọn mu, a sì ti ń bú ẹ̀rọ láti oṣù mẹ́fà.

Má fi etí tìrẹ dájọ́ o. Ọdún kan gbáko ni mi ò fi gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín kala, iṣẹ́ ọnà, àti kaḷa, koríko oko. Kara, etí omi, àti kaṟa, àbàwọ́n, ni mo kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Chechi (bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin) tó ni ilé tí mo ń gbé máa ń ní kí n pe mazha, òjò, kó ṣáà lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Mo ní kí òun náà bá mi pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Ọ̀mì la ta.

Ní ti dátà, má dúró lórí 40 tìrẹ. SLR63, àkójọ ohùn Malayalam, wà lórí OpenSLR, ìkànnì tí wọ́n ń kó dátà ohùn sí, Google ló ṣe é. Àwọn náà ló ṣe SLR86 ti Yorùbá. Àmọ́ nítorí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀, ohùn ìkàwé tó mọ́ tónítóní ni. Malayalam Speech Corpus ti ẹgbẹ́ Swathanthra Malayalam Computing kéré, àwọn ará ìlú ló fi ohùn wọn ta á lọ́rẹ. AI4Bharat, ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí èdè Íńdíà ní IIT Madras, ní Shrutilipi, tí wọ́n yọ látinú ìròyìn All India Radio, àti IndicVoices ti 2024, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí o kọ́kọ́ lọ wò. Èmi fi ohùn akéde rédíò kọ́ mọ́dẹ́lì kan nígbà kan. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan ní Aluva pe nọ́ńbà wa lórí fóònù 8 kHz, ó ń ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún, ohun tí ẹ̀rọ kọ jáde jọ ìròyìn aago méje. Bí o bá sì ń pín dátà, ẹni tóhùn ẹ̀ bá wà nínú ìkẹ́kọ̀ọ́, kó má sí nínú ìdánwò rárá.

Ìbéèrè rẹ ńkọ́? GPU kan á tó. Mú mọ́dẹ́lì AI4Bharat tó ti gbọ́ àwọn èdè Íńdíà tẹ́lẹ̀, tàbí Whisper small bó bá jẹ́ òun lọkàn rẹ fẹ́. Malayalam tí Whisper gbọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ kéré jọjọ, kó má yà ọ́ lẹ́nu bó bá ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọ bíi kásẹ́ẹ̀tì tó há. Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, mú ìlà mẹ́wàá nínú ohun táwọn akọ̀wé rẹ kọ, fi ránṣẹ́ síbí, kí n bá ọ wò ó. Fáìlì gan-an ni kí o fi ránṣẹ́ o, má fi fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ṣọwọ́. Nínú fọ́tò, chillu méjèèjì jọra.