Tuberose Mi Kò Yọ Òdòdó, Ewé Nìkan Ló Ń Hù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olódòdó. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi fún mi ní iṣu mẹ́fà ti tuberose, òdòdó funfun tó máa ń ta sánsán yẹn. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ni mo gbìn wọ́n sí. Mẹ́rin hù, méjì jẹrà. Látìgbà náà, ewé gbọọrọ bíi koríko ni mò ń rí ṣáá. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n hú u dànù. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì, Àpáta.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú u dànù. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì.

Abẹ́ máńgòrò yẹn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni òdòdó yìí ti ṣẹ̀ wá, oòrùn ló sì ń bọ́ ọ. Ó kéré tán, kí oòrùn máa pa á fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́. Nínú ibòòji, ewé á máa hù, òdòdó ò ní yọjú.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ìwọ̀n iṣu náà. Ẹ mú un dání, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá le gbagidi bí àlùbọ́sà tuntun, tó sì sanra tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ti tó yọ òdòdó. Èyí tó bá rí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀pà, ọmọdé ṣì ni. Ó lè lo ọdún kan sí méjì kó tó dàgbà. Iṣu tó bá ti yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan kì í tún yọ ọ́ mọ́, àwọn ọmọ tó bí sídìí ló kù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ọmọ yẹn ni ọ̀rẹ́ yín bù fún yín.

Ní ti méjì tó jẹrà, omi ló pa wọ́n. Ó ṣe èmi náà rí, nílé wa ní Òkè-Àdó. Ilẹ̀ pupa tí òjò máa ń dúró sí ni mo gbin mẹ́wàá sí. Nígbà tó di oṣù kẹfà, mo gbẹ́ ilẹ̀ wò: mẹ́jọ ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ó dùn mí gan-an. Láti ọjọ́ náà, inú garawa ọ̀dà ni mò ń gbìn ín sí. Mo máa ń lu ihò márùn-ún sí ìdí rẹ̀, mo máa ń po ilẹ̀ dúdú mọ́ iyanrìn odò, mo sì ń fi ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ adìẹ kan sí i, èyí tó ti jẹrà tó sì ti gbẹ. Tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Ẹ má sì jẹ́ kó pọ̀ jù, torí ewé ló máa ń sọ di púpọ̀.

Tí ọyẹ́ bá dé tí ewé ń gbẹ, ẹ má bomi rin ín mọ́. Ẹ wú àwọn iṣu náà, ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò, ẹ kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Lóṣù kẹta, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbin àwọn tó sanra sínú oòrùn, kó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa retí òdòdó. Ẹ gbin àwọn kéékèèké lọ́tọ̀, kí wọ́n máa dàgbà.

Ìyá mi, ẹ ní sùúrù fún un. Alẹ́ ni òórùn rẹ̀ ń jáde jù. Ní ìwọ̀n aago mẹ́jọ, tí mo bá jókòó sí fàráńdà, á ti máa ta sánsán kí n tó rí i, àwọn òdòdó funfun kéékèèké náà á sì máa là lára ọ̀pá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

ÌBÉÈRÈ: Ìgbà wo ni mo lè gé òdòdó tuberose wọlé? Akẹ́kọ̀ọ́, Sángo.

ÌDÁHÙN: Láàárọ̀ kùtù, nígbà tí méjì tàbí mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ bá ti là. Pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Tó o bá fẹ́ sùn, gbé e sí pálọ̀, torí òórùn rẹ̀ máa ń lágbára jù nínú yàrá kékeré.